Iwájú Ilé Tí Màmá Ro

Ọkọ́ kejì ni Màmá Túnmiṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sílẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ náà la ẹnu, tí òórùn rẹ̀ sì fò wọ̀ ọ́ nímú. Ó dúró. Ó mí kanlẹ̀. Láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú ní Toronto, kò tíì gbóòórùn ohun kan tó mọ̀ rí. Ilé ń run ọṣẹ, ọkọ̀ ń run awọ, ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ń run kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí, tí òjò àná ti rin gbingbin, òórùn oko wọn ní Ìsẹ́yìn ló ń run, kò yàtọ̀ rárá.

"Áà, o wà níbí," ó sọ fún ilẹ̀, bí ẹni tó pàdé ará ilé lójú ọ̀nà. Ó sì tún gbé ọkọ́ sókè.

Ọkọ́ ọ̀hún kì í ṣe ọkọ́ gidi. Inú gáréèjì ló ti rí i, lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ọmọ. Èrúkọ́ rẹ̀ gùn bí ọ̀pá àsíá, ẹnu rẹ̀ sì kéré bí ahọ́n ewúrẹ́. Ó dájú pé ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kí àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n Màmá Túnmiṣe ti fi òkúta pọ́n ọn títí ó fi mú. Ó dì í mú nítòsí irin rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìyókù èrúkọ́ gba abẹ́ apá rẹ̀ yọ sẹ́yìn bí ìrù.

Ara rẹ̀ ti ń wá iṣẹ́ tipẹ́. Kò sí iṣẹ́ kankan tí wọ́n jẹ́ kó ṣe láti ìgbà tó ti dé. Bó bá gbé abọ́, Túnmiṣe á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀: "Màmá, ẹ jókòó, ẹ sinmi." Aṣọ, ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́. Abọ́, ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ yàrá pàápàá, nǹkan róbótó kan ló ń rá pálá káàkiri tó ń gbá a. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màmá rí i, ṣe ló gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, tó ní kí wọ́n lé e jáde. Ìgbálẹ̀ tó fi ìró wé wá láti ilé ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, kò tíì fojú kan ilẹ̀. Màmá Túnmiṣe ti sinmi títí ìsinmi fi sú u.

Ohun kan ṣoṣo ló rí nínú ilé náà tí ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n ṣe: iwájú ilé. Koríko ti bò ó.

Ní ibi tí wọ́n ti bí i, koríko kì í hù níwájú ilé tí èèyàn alààyè ń gbé. Iwájú ilé a máa mọ́ ni, ilẹ̀ lásán tí ìgbálẹ̀ fa ìlà sí. Ilé tí koríko bá yí ká, ilé ẹni tó rìnrìn àjò tí kò dé mọ́ ni, ejò ló sì ń ṣe onílé níbẹ̀. Ó ti rí Ọládayọ̀, ọkọ ọmọ rẹ̀, ní Sátidé tó ń ti ẹ̀rọ kan lórí koríko náà, tí ẹ̀rọ ń han bí ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tó fi máa parí, orí koríko nìkan ló gé, gbogbo gbòǹgbò ló fi sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe Màmá. Ó wo òpópónà náà lọ, ó wò ó bọ̀. Bákan náà ni ti gbogbo wọn! Odindi àdúgbò ní Scarborough, kò sẹ́ni tí iṣẹ́ jẹ́ kó ráyè tún iwájú ilé rẹ̀ ṣe. Ó gbàdúrà fún gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Ọládayọ̀ ń di okùn bàtà kó tó lọ wọ bọ́ọ̀sì síbi iṣẹ́ rẹ̀ láàárín ìlú, ló bá dúró lójú fèrèsé.

"Túnmiṣe, koríko yìí ń jẹ mí lọ́kàn," ó ní. "Òtútù ń bọ̀, mi ò sì tíì ráyè fún un."

"Ìwọ àti koríko ẹ," ni Túnmiṣe dá a lóhùn láti orí àtẹ̀gùn, tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, Oshawa ni hóspítù rẹ̀ wà, ó sì ti ń pẹ́ lọ.

Ọládayọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ kó tó jáde, gbalaja, tòun ti ṣúùtù, bó ṣe máa ń ṣe láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Màmá ti ní kó máa tẹrí ba lásán, kó má fi aṣọ iṣẹ́ nu ilẹ̀. Kò gbọ́. Ó dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò, ó tún bojú wo koríko, ó mí ìmí ẹ̀dùn, ó lọ.

Inú Màmá Túnmiṣe sọ kúlú. Iṣẹ́ ti wá a délé. Kí ọmọ tó ṣe irú èyí fún ni, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ ronú lórí koríko lásán? Ó dúró kí ọkọ̀ Túnmiṣe yí kọ̀rọ̀, kí bọ́ọ̀sì iléèwé gbé Ìdẹ̀ra ọmọ wọn lọ. Lẹ́yìn náà ló wọ gáréèjì.

Ó ro ó, orin ṣọ́ọ̀ṣì ń tẹnu rẹ̀ jáde. Iwájú ilé náà kò tóbi. Obìnrin tó ti ro oko ẹ̀gẹ́ ọkọ rẹ̀ títí ọkọ fi kú kò ní ka irú rẹ̀ sí iṣẹ́. Bàbá òyìnbó kan tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá dúró, ó wò ó títí, ó ní "Good job!" Màmá mọ ìyẹn. Ó ní, "Tẹ́ńkù, sà. Ẹ kú ìtọ́jú ajá o." Agbára tuntun wọ inú apá rẹ̀.

Nígbà tí oòrùn fi máa yẹ̀ sí ọwọ́ ìwọ̀ oòrùn, ó ti gbọn ilẹ̀ kúrò lára gbogbo koríko náà, ó ti kó o jọ gègèrè sẹ́yìn ilé lẹ́bàá ọgbà. Ó wá ìṣáná tí yóò fi sun ún, kò rí. Ààrò wọn, bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀. Ó pa iná dídá tì, ó fa ìgbálẹ̀ yọ lábẹ́ ibùsùn, ó gbá ilẹ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà dé ojú títì, ó ń fà á ní apá kan ní apá kan, títí ìlà ìgbálẹ̀ fi tẹ̀lé ara wọn bí ìgbì omi.

Ó wá dúró lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ ní ìbàdí, ó wò ó. Ilé ọmọ òun ti di ilé èèyàn.

Faridah ló kọ́kọ́ rí i. Òun ni aládùúgbò wọn tó wà ní òdìkejì títì, ọmọ Ìlọrin, òun ló máa ń bá wọn gba Ìdẹ̀ra níbi tí bọ́ọ̀sì ń já wọn sí.

"Ẹ kú ilé o, Mà—" Ojú rẹ̀ ti bọ́ sórí ilẹ̀.

Ìdẹ̀ra, ọmọ ọdún méje, jù báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Grandma, where's Daddy's grass?"

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Gba ẹ̀gbẹ́ kan, má tẹ ibi tí mo gbá. Kí ló ń wí?"

"Ó ń bèèrè koríko bàbá ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo ti bá a ro ó." Màmá ò lè fi ẹ̀rín pamọ́. "Gbogbo ẹ̀ pátá! Ó wà lẹ́yìn ilé. Ṣé ẹ ní ìṣáná lọ́dọ̀ yín, kí n fi dáná sun ún?"

Faridah wá ibi jókòó sí lórí àtẹ̀gùn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dáná sun nǹkan kan ní Canada. Àwọn panápaná á dé kí iná ọ̀hún tó ràn." Ó tún wo ilẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ ro ó?"

"Ṣé wọ́n ń ránni níṣẹ́ irú ẹ̀ ni? Ojú ò rí i?"

"Wọ́n gbìn ín ni, Màmá."

"Wọ́n gbin kí ni?"

"Koríko yẹn. Wọ́n gbìn ín."

Màmá Túnmiṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó lu itan rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣàkíyèsí pé òun nìkan ló ń rín in. Ó na ọwọ́ sí òpópónà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Gbogbo èyí?"

"Gbogbo ẹ̀. Tiyín gan-an ló dáa jù ní àdúgbò. Láti ìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni Bọ̀dá Dáyọ̀ ti ń tọ́jú ẹ̀. Wọ́n á bomi rin ín kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àga jáde, wọ́n á máa wò ó. Wọn ò ní ṣe nǹkan kan o, Màmá, wọ́n kàn ń wò ó ni. Ọkọ mi máa ń ní àfi bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ kan sọjí lọ́kàn Màmá. Ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, Ọládayọ̀ fi ìpè fídíò pè é lórí fóònù, ó yí fóònù sí ilẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ wò ó, ó ti ń hù!" Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ń fi ọmọ tuntun han ìyá. Màmá wo ewéko tútù náà, ó sì gbàdúrà tọkàntọkàn pé kí Ọlọ́run fún un lókun láti ro ó. Ẹ̀rín sọ lọ́hùn-ún. Ó rò pé àmín ni.

Yàrá kan ní Mushin ni wọ́n ti tọ́ Ọládayọ̀ dàgbà, nínú ilé tí èèyàn pọ̀ bí eṣú, tí àgbàlá rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ǹtì àti gọ́tà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún Màmá. Ilé yìí ni ibi àkọ́kọ́ tí yóò ti ní ilẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ.

Faridah lọ wo àwọn ọmọ rẹ̀. Màmá ò lè jókòó. Ó sáré lọ sẹ́yìn ilé, òun àti Ìdẹ̀ra sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó koríko bọ̀ ní apá-apá, wọ́n ń tò ó padà sílẹ̀, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n tò ó dé ìdajì ẹ̀gbẹ́ kan, Màmá sún sẹ́yìn wò ó. Ó dà bí wíìgì tí ajá ti fi ṣeré. Ìdẹ̀ra wò ó, ó wo ojú ìyá àgbà, ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yọ láàárín ìka rẹ̀. Wọ́n tún kó o kúrò. Màmá tún ibẹ̀ gbá.

Ó wọlé, ó jókòó sójú fèrèsé. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó sọ pé kó jókòó.

Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe pé Ọládayọ̀ yóò bá a jà. Kò lè bá a jà; ohun tó burú nínú ẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìyá ìyàwó ni. Bó bá dáná sun ilé náà, Ọládayọ̀ yóò ní, "Kò sí wàhálà, Màmá." Yóò gbé inú bíbí náà mì. Ṣùgbọ́n Màmá Túnmiṣe ti rí i nínú ilé oríṣiríṣi, bí inú bíbí tí ọkọ gbé mì nítorí àna ṣe máa ń yọ lọ́jọ́ mìíràn, lórí ọbẹ̀, lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, tí yóò sì máa balẹ̀ sórí ìyàwó. Òun yóò ti padà sí Ìsẹ́yìn nígbà náà. Túnmiṣe ni yóò kù pẹ̀lú rẹ̀. Òun tó wá wo ayọ̀ ilé ọmọ òun, òun náà ló tún fi ọkọ́ ro ó kúrò nílẹ̀.

Ó pinnu pé òun yóò kúnlẹ̀ fún un. Kò tíì gbọ́ ọ rí, kí ìyá ìyàwó kúnlẹ̀ fún àna rẹ̀ ọkùnrin. Ṣùgbọ́n kò tíì gbọ́ ẹni tó ro koríko àna rẹ̀ rí náà.

Ọládayọ̀ yọ ní kọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti rọlẹ̀, báàgì léjìká. Ó ń rìn kánmọ́kánmọ́. Ó dé iwájú ilé, ó dúró. Ó wo ilé tó wà lápá ọ̀tún, ó wo ti apá òsì, ó gbójú sókè wo nọ́ńbà tó wà lára ògiri. Báàgì yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀.

Màmá ti ṣílẹ̀kùn. "Dáyọ̀," ó ní, "ọmọ mi." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó di ìró rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún.

"Ẹ̀-ẹ́n-ẹ̀n, Màmá! Rárá o!"

Kí orúnkún rẹ̀ tó kan ilẹ̀, Ọládayọ̀ ti wà nílẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ lásán náà, àyà, ikùn, ṣúùtù, táì, gbogbo rẹ̀, imú rẹ̀ láàárín ìlà ìgbálẹ̀. Màmá dúró lórí ìdajì ìkúnlẹ̀. Ó retí kó dìde. Kò dìde. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ọkọ̀ kan dúró gbì lójú títì. Túnmiṣe fi ilẹ̀kùn ọkọ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí, ó sáré dé, ó ti fi ìka méjì sí ọrùn ọkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

"Dáyọ̀! Can you hear me? Màmá, ìgbà wo ló ṣubú?"

"Kò ṣubú," ni Màmá wí. "Ó ń kí mi ni."

Ọládayọ̀ yíra padà, ó dojú kọ ọ̀run. Omi ń dà lójú rẹ̀, ilẹ̀ wà ní imú rẹ̀, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó lè mí. "Màmá ro ó," ló rí sọ. "Túnmiṣe, Màmá ro koríko mi. Wọ́n tún wá gbá a!"

Túnmiṣe ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ilẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ lé orí. "Màmá!" Ó tún pè é, "Màmá!" Ìgbà kẹta tó fẹ́ pè é, ẹ̀rín ti gbà á lẹ́nu, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀.

"Ẹ má bínú sí i," ni Màmá sọ fún Ọládayọ̀. "Òun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Èmi nìkan ni."

Ọládayọ̀ dìde jókòó. Ẹ̀rín rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Mi ò ní purọ́ fún yín, Màmá. Ó dùn mí o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rín ẹ̀rín yìí tán ná, ẹ̀dùn ọkàn á tẹ̀lé e." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìlà ìgbálẹ̀ tí ara rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. "Ṣùgbọ́n ìyá bàbá mi ní Ìkirè, bí wọ́n ṣe máa ń gbá tiwọn gẹ́lẹ́ nìyí. Tá a bá lọ lo hólídè lọ́dọ̀ wọn, a máa ń jí kùtùkùtù, ká lè kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ìlà yẹn. Wọ́n á wá fi ìgbálẹ̀ lé wa kiri." Ó nu ilẹ̀ kúrò ní imú. "Mo ti gbàgbé. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń gbin koríko, mi ò rántí pé mo fẹ́ràn ìyẹn náà."

Ìdẹ̀ra bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbá náà, ó fi bàtà tẹ̀ ẹ́ wìtìwìtì, ó dúró, ó ń wo ìyá àgbà bóyá yóò gbé ìgbálẹ̀. Màmá gbé e. Ọmọ náà sá, ó ń pariwo ẹ̀rín.

"Kò tíì bàjẹ́ jù," ni Ọládayọ̀ wí nígbà tó dìde. "Àkókò tí wọ́n ń gbìn ín gan-an la wà yìí. Irúgbìn wà ní gáréèjì. Ohun tí mò ń wá àyè fún láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Mo fẹ́ ha ilẹ̀ díẹ̀ níbi tó ti ṣá, kí n gbin tuntun sí i." Ó wo iwájú ilé yí ká. "Ẹ ti bá mi ha á, Màmá. Ẹ kàn ha á jù ni."

Ó gbé àpò náà jáde. Màmá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Irúgbìn náà fúyẹ́ bí ìyàngbò, ó ń yọ̀ láàárín ìka rẹ̀.

"Ṣé ẹ lọ sọ́jà," ó ní, "ẹ sì fowó ra koríko?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọ́n ń tà á. Ẹ̀yin náà ń rà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Màmá Túnmiṣe mi orí títí. Láti kékeré ló ti ń bá koríko jà. Nígbà mìíràn, ó máa ń lálàá rẹ̀. Ó wá kó ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn, ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó fọ́n ọn bí wọ́n ṣe ń fọ́n tẹ̀tẹ̀ sórí ebè, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń bọ̀, ara rẹ̀ sì mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ọládayọ̀ ń tẹ̀lé e, ó ń fi réèkì bo irúgbìn mọ́lẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Túnmiṣe ń fi okùn omi wọ́n ọn.

"Kí wọ́n má gbọ́ ní Ìsẹ́yìn o," ni Màmá wí. "Wọ́n á ní orí mi ti yí."

"Mo ti ya fídíò ẹ̀, Màmá!" ni Faridah kígbe láti òdìkejì títì.

Àwọn ẹyẹ kéékèèké mẹ́rin kan bà sórí ilẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irúgbìn jẹ. Ọládayọ̀ fi réèkì lé wọn. "Wàhálà tó wà ńbẹ̀ nìyẹn. Títí yóò fi hù, ẹnìkan gbọ́dọ̀ máa lé wọn, kó sì máa wọ́n omi sí i tọ̀sán tòru. Àwa ò sì ní sí nílé."

Ó wo Túnmiṣe. Màmá náà wo Túnmiṣe. Túnmiṣe la ẹnu, *ẹ jókòó, ẹ sinmi* ti dé ètè rẹ̀, Màmá rí i níbẹ̀ kedere. Ó pa ẹnu dé. Ó tún là á.

"Màmá," ó ní, "ṣé ẹ máa lè bá wa ṣe é?"

"Ṣé mo máa lè ṣe é!" ni Màmá Túnmiṣe wí, ó sì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n má baà rí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín tó.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí àtẹ̀gùn, Ọládayọ̀ fi orí réèkì fa ìlà kan, ó ní kí wọ́n má fọ́n irúgbìn kọjá ibẹ̀. Ibi tó kù kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ. Kò sọ ìdí rẹ̀. Ó kàn lọ mú ìgbálẹ̀ níbi tí Màmá fi í sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ó sì wọlé lọ bọ́ ṣúùtù.

Wọ́n ti wọlé tán, òórùn ọbẹ̀ ti ń jáde bọ̀. Màmá Túnmiṣe gbá ibi tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un náà, ìlà tẹ̀lé ìlà, ó sì jókòó lórí àtẹ̀gùn láti wò ó. Igi ńlá tó wà lẹ́bàá títì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ewé kan já lára rẹ̀, pupa bí ata, ó ń yí bọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì balẹ̀ sí àárín ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Ó na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀. Ó tún dá ọwọ́ dúró.

Ó fi ewé náà sílẹ̀ níbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, yóò nílò ohun tí yóò gbá.